Bí Àgbà Bá Ṣubú, A Wo Ẹ̀yìn

Àwọn àgbà ní, bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Ọmọdé ń wá ẹni tí yóò gbé e dìde. Àgbà ń wá ohun tó gbé òun ṣubú. Bí mo bá gbọ́ òwe yìí, Peter-Michael Kolbe ló máa ń wá sí mi lọ́kàn, atukọ̀ ọmọ Hamburg ní Jámánì.

Nínú eré ìtukọ̀ ẹlẹ́nìkan, atukọ̀ a kọ ẹ̀yìn sí ibi tó ń lọ. Pẹ̀lú àjẹ̀ méjì lọ́wọ́, yóò tu mítà 2,000, àwọn tó ń lé e bọ̀ ni yóò sì máa wò. Ní Òlíḿpíìkì Montreal, 1976, Kolbe tó ti gba ipò kìíní lágbàáyé ní 1975 ló wà níwájú. Ó ń rí Pertti Karppinen bọ̀ kòrókòró, panápaná sìgbọnlẹ̀ kan láti Finland. Apá Kolbe ti wúwo. Ó ku fẹ́ẹ́fẹ́ẹ́ kí wọ́n dé òpin ni Karppinen kọjá rẹ̀. Ìṣẹ́jú 7 àti ìṣẹ́jú-àáyá 29.03 ni Karppinen lò. Ti Kolbe jẹ́ 7 àti 31.67.

Kí eré náà tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n ti gún Kolbe lábẹ́rẹ́ tí wọ́n ní yóò ràn án lọ́wọ́. Òfin ìgbà náà kò kà á léèwọ̀. Kolbe kò bo ọ̀rọ̀ náà mọ́lẹ̀. Ó tú u síta, ó sì ka abẹ́rẹ́ náà mọ́ ohun tó fa ìjákulẹ̀ òun. Ariwo ta ní Jámánì. Mo bọ̀wọ̀ fún un gidigidi lórí èyí, torí ọ̀pọ̀ wa, bí ọjà bá kùtà tàbí tí ìdánwò bá já wa kulẹ̀, àwọn ayé la ó kọ́kọ́ dárúkọ, kí a tó bi ara wa léèrè ohun tí a gbà sára.

Ẹ jẹ́ kí n fi kún un pé kì í ṣe gbogbo òkúta ojú ọ̀nà ni tẹni. Ní 1980, Ìwọ̀-Oòrùn Jámánì, tí Kolbe ń tukọ̀ fún, kò lọ sí Òlíḿpíìkì Moscow nítorí ogun tí ìjọba Soviet gbé lọ sí Afghanistan. Kolbe jókòó sílé, Karppinen gba góòlù lẹ́ẹ̀kejì. Bí o bá wẹ̀yìn tí o rí irú òkúta bẹ́ẹ̀, má gbé e rù ara rẹ.

Lẹ́yìn Montreal, Kolbe padà sójú omi. Ó tún gba ipò kìíní lágbàáyé ní 1978, 1981, 1983 àti 1986. Góòlù Òlíḿpíìkì nìkan ni kò bọ́ sí i lọ́wọ́: Karppinen tún borí rẹ̀ ní 1984. Ní Seoul, 1988, ó ti pé ọmọ ọdún 35, síbẹ̀ Thomas Lange ti Ìlà-Oòrùn Jámánì nìkan ló ṣáájú rẹ̀.