Àdúrà Òbí Kì í Dípò Oorun

Níbi ìpàdé ẹbí wa ní Ìjerò, ìyá àgbà kan tún sọ ọ́: “Ọmọ tó bá ń tọ́jú òbí rẹ̀, àìsàn kì í gbé e ṣánlẹ̀.” Gbogbo ilé ṣe àmín. Àbúrò mi obìnrin, tó ń tọ́jú bàbá wa láti ìgbà tí àrùn rọpárọsẹ̀ ti kọlù wọ́n, jókòó síbẹ̀, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru sì wà nínú báàgì rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi. Àdúrà òbí dára, èmi náà ń ṣe àmín sí i. Ṣùgbọ́n ara tí kò sùn kò sùn náà ni.

Ìwádìí kan jáde ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1995. Wọ́n mú obìnrin 13 tó ń tọ́jú ẹbí wọn tí àrùn ìgbàgbé ń bá jà, àti 13 mìíràn tí kò tọ́jú ẹnikẹ́ni, ọjọ́ orí wọn sì súnmọ́ra. Wọ́n dá ọgbẹ́ kékeré kan náà sí wọn lápá. Ti àwọn tí kò tọ́jú ẹnikẹ́ni jinná ní nǹkan bí ọjọ́ 39. Ti àwọn olùtọ́jú gbà tó ọjọ́ 49. Ọmọ rere ni wọ́n o, ọgbẹ́ wọn kò tìtorí ìyẹn yára jinná. Wàhálà tó pẹ́ lọ́kàn ló ń fa àtúnṣe ara sẹ́yìn.

Òmíràn jáde ní 1999: láàárín ọdún 4, àwọn àgbàlagbà tó ń tọ́jú ọkọ tàbí aya wọn, tí iṣẹ́ náà sì ń ni lára, ewu ikú wọn fi ìdá 63 nínú 100 ju ti àwọn tí kò tọ́jú ẹnikẹ́ni. Ó dáa, àwọn tí kò ni lára kò rí bẹ́ẹ̀. Ṣé ti àbúrò mi ni kò ní ni í lára, tó ń pọnmi, tó ń fọ aṣọ ibùsùn, tó tún ń lọ sọ́jà?

Nígbà tó gbé bàbá lọ síléèwòsàn l'Ádó, nọ́ọ̀sì wo ojú rẹ̀, ó so ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wo ẹ̀jẹ̀ ríru mọ́ òun náà lápá. Nọ́mbà tòkè lé ní 170, bẹ́ẹ̀ 140 ti pọ̀ jù. Oòrùn ló ń dá lẹ́bi fún orí fífọ́ láti ọjọ́ yìí.

Èmi náà ti gba òru ṣe fún un. Wákàtí méjì-méjì lèèyàn ń yí bàbá padà kí egbò má baà dá sí wọn lẹ́yìn. Ẹ̀yin tí ẹ wà l'Ékòó tí ẹ ń fowó ránṣẹ́, ẹ ṣeun, ṣùgbọ́n owó kò lè yí wọn padà láago méjì òru. Ẹ wá gba òru díẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, kó lè sùn, kó sì rí àyè lọ gba oògùn tirẹ̀.