Ta ló ń ka àwọn ẹyẹ tó ń kú lábẹ́ fèrèsé wa?

Láàárọ̀ àná, mo bá ẹyẹ kékeré kan nílẹ̀ lábẹ́ fèrèsé ńlá ilé ìkàwé yunifásitì wa. Ó la ẹnu sílẹ̀, kò lè ká apá rẹ̀ kan mọ́ra, ìyẹ́ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan sì lẹ̀ mọ́ gíláàsì lókè orí mi. Nígbà tí mo gbé e, àyà rẹ̀ ń lù kìkìkì lórí àtẹ́lẹwọ́ mi.

Ẹni tó ń gbálẹ̀ níbẹ̀ sọ fún mi pé òun ti máa ń kó irú wọn dànù kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó dé. Ọ̀rọ̀ yìí dùn mí wọra, nítorí pé nígbà tí mo kọ̀wé sí àwọn aláṣẹ, èsì tí wọ́n fún mi ni pé àwọn kò rí òkú ẹyẹ kankan, àti pé ilé wa kì í ṣe ilé gogoro. Bẹ́ẹ̀ ìwádìí tí wọ́n ṣe ní Amẹ́ríkà lọ́dún 2014 fi hàn pé nínú ọgọ́rọ̀ọ̀rún mílíọ̀nù ẹyẹ tí gíláàsì ilé ń pa lọ́dún, èyí tí ilé gogoro ń pa kò tó ìdá 1 nínú 100.

Àwòrán àṣá kan ṣoṣo ni wọ́n lẹ̀ mọ́ fèrèsé náà. Àwòrán kì í ba ẹyẹ lẹ́rù. Ẹyẹ á kàn yà fún un, á sì forí sọ ibi tó kù, nítorí pé igi àti ojú ọ̀run ló ń rí nínú gíláàsì. Àmì róbótó kéékèèké tí wọ́n bá lẹ̀ káàkiri ìta fèrèsé, tí àlàfo wọn kò ju sẹ̀ǹtímítà 5 lọ, ló ń gbà wọ́n là. Ní McCormick Place, gbọ̀ngàn àpéjọ ńlá kan nílùú Chicago, níbi tí ẹyẹ tó sún mọ́ 1,000 ti kú ní òru kan ṣoṣo nínú oṣù Kẹwàá ọdún 2023, irú àmì bẹ́ẹ̀ dín ikú wọn kù ní nǹkan bí ìdá 95 nínú 100. Kí ẹnikẹ́ni má sọ fún mi pé kò sówó. Owó náà ni wọ́n fi ra gíláàsì.

Mo gbé ẹyẹ mi sínú páálí, mo bò ó kí ibẹ̀ lè ṣókùnkùn. Lẹ́yìn wákàtí kan tí mo ṣí i, ó fò lọ sórí àwọn igi ẹ̀yìn ilé ìkàwé. Inú mi dùn títí di alẹ́, tí mo fi kà á pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń fò lọ bẹ́ẹ̀ ló ń kú lẹ́yìn náà, torí ẹ̀jẹ̀ tó ń dà sínú ọpọlọ wọn. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti lọ wo abẹ́ àwọn igi náà lónìí. N kò rí nǹkan kan, n kò sì mọ̀ bóyá kí n yọ̀.