Enjini ńlá nínú Ìjàpá, bíréèkì ńkọ́?

Fídíò Volks Ìjàpá táwọn èèyàn tún kọ́ ti pọ̀ lójú mi báyìí. Ọ̀dà tuntun, rímù tó ń kọ mànà, enjini 1776 (ìyẹn cc, bí inú ẹ̀ ṣe tóbi tó) tó gbé kábúrétọ̀ méjì sórí, ariwo ẹ̀ á máa mi àdúgbò. Inú mi ń dùn sí i. Àmọ́ mi ò tíì rí ẹni tó yọ taya iwájú kó fi bíréèkì hàn wá.

Enjini 1300 tó bá ọ̀pọ̀ Ìjàpá wá ní nǹkan bí agbára ẹṣin 44. Èyí tẹ́ ẹ gbé wọ̀ ọ́ lè tó ìlọ́po méjì ẹ̀. Bíréèkì wá ńkọ́? Dúróòmù, ìyẹn agbada irin tí shúù bíréèkì ń fẹ̀ mọ́ nínú, ló wà lẹ́sẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kò sí hydrovac tó ń bá yín tẹ bíréèkì, agbára ẹsẹ̀ yín nìkan. Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í to Volks l'Ọ́jọ̀ọ́ l'Ékòó ní 1975, eré tẹ́ ẹ fẹ́ máa fi í sá ní márosẹ̀ Ìbàdàn báyìí kọ́ ni wọ́n ní lọ́kàn.

Ẹni tó wà lórí 80 tó bọ́ sórí 120, ìdajì ló fi kún eré, àmọ́ iṣẹ́ tí bíréèkì máa ṣe kó tó dúró ti ju ìlọ́po méjì lọ. Ooru ni gbogbo ẹ̀ ń dà. Dúróòmù tó bá sì gbóná, ṣe ló máa ń fẹ̀, á máa sá fún shúù tó wà nínú ẹ̀. Ẹsẹ̀ yín á máa wọlẹ̀, mọ́tò á máa lọ. Ti dísìkì, ìyẹn àwo irin tí páàdì ń fún mú lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì, yàtọ̀: tó bá gbóná, páàdì ló máa ń wú lọ bá, afẹ́fẹ́ sì ń fẹ́ sí i lára.

Ìyẹn ò ní kẹ́ ẹ sáré lọ ra dísìkì ní Ládìpọ̀ láàárọ̀ ọ̀la. Èyí tó wà ńlẹ̀ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ tún ṣe. Ọ̀pọ̀ Ìjàpá tí wọ́n ní bíréèkì ẹ̀ ò dáa, wọn ò kàn ṣe àjọ́ọ̀sì ẹ̀ ni. Ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní àjọ́ọ̀sítà méjì tó ní eyín. Ẹ fi jáàkì gbé e, ẹ ti sukurudíráfà gba ojú ihò kékeré yẹn, ẹ yí ọ̀kan títí taya ò fi ní lè yí mọ́. Ẹ tẹ bíréèkì kí shúù lè jókòó, kẹ́ ẹ wá dá a padà ní eyín kọ̀ọ̀kan títí taya á fi máa yí, tó kàn ń ha díẹ̀. Ó di ìkejì. Mẹkáníìkì tó ń kánjú á ṣe ọ̀kan, á fi ìkejì sílẹ̀, á gbowó méjèèjì. Ẹ má sì jẹ́ kó fi afẹ́fẹ́ fẹ́ eruku inú dúróòmù àtijọ́: asbestos wà nínú ọ̀pọ̀ shúù ayé ìgbà yẹn, ẹ̀dọ̀fóró ló ń bà jẹ́. Kó fi omi rẹ ẹ́, kó nù ún.

Hósì rọ́bà tó ti gbó máa ń wú sínú. Ẹ ti gbẹ́sẹ̀ kúrò, taya ò tú sílẹ̀. Ẹ pààrọ̀ gbogbo ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Brake fluid náà máa ń fa omi látinú afẹ́fẹ́. DOT 4 tuntun gbọ́dọ̀ tó 230°C kó tó hó, tó bá ti mu omi, ó lè hó ní 155. Ọdún méjì, ẹ dà á nù.

Taya wá ni ọ̀rọ̀ tó ń dùn mí jù. Bíréèkì kàn ń dá taya dúró ni, taya ló ń dá mọ́tò dúró. Dísìkì tó tó àwo ìyán ò lè ran taya tòkunbọ̀ tó ti le gan-an lọ́wọ́. Ẹ wo nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn níbi tí wọ́n kọ DOT sí lára taya (kì í ṣe DOT ti brake fluid o): 2314 ni ọ̀sẹ̀ 23, ọdún 2014. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ra rímù olówó ńlá, ẹ lọ wo tiyín.

Lẹ́yìn gbogbo èyí ni mo gbà kẹ́ ẹ ra dísìkì, ti iwájú nìkan sì tó. Volkswagen fúnra wọn fi í síwájú Karmann Ghia, mọ́tò tí wọ́n ṣe látara Ìjàpá. Ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá ball joint ni iwájú tiyín àbí king pin (oríṣi ìso ẹsẹ̀ iwájú méjì ni), torí ọjà wọn ò bára mu. Ẹ bèèrè brake master (èyí tó ń ti brake fluid lọ sẹ́sẹ̀ mọ́tò) tó bá dísìkì mu pẹ̀lú. Ẹsẹ̀ yín máa tẹ̀ ẹ́ le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, torí shúù dúróòmù máa ń fi yíyí taya fa ara ẹ̀ mọ́ra, páàdì kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Kò bàjẹ́.

Àwọn bàbá wa kan á ní ká fi mọ́tò àtijọ́ sílẹ̀ bí wọ́n ṣe ṣe é. Mo gbà fún yín, ẹ̀yin bàbá, tí enjini náà bá wà bí wọ́n ṣe ṣe é. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní 1776, tẹ́ ẹ bá ní kí n wá gbádùn ẹ̀ lọ Ìbàdàn pẹ̀lú dúróòmù iwájú, mo máa wọ bọ́ọ̀sì.