Irọ́ ni pé obìnrin ló ń san owó orí ọkùnrin ní Íńdíà

Lọ́jọ́ Sátidé tó kọjá la ṣe ìdána ọmọ ẹ̀gbọ́n mi l'Ábẹ́òkúta. Àwọn ẹbí ọkọ ń fi owó orí ṣeré, wọ́n ní ó ti pọ̀ jù, ni alága ìjókòó bá ní kí wọ́n kúkú lọ bí ọmọ wọn sí Íńdíà, níbi tí obìnrin ti ń san owó orí ọkùnrin. Gbogbo gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín. Nígbà tí a jókòó ti oúnjẹ, bùrọ̀dá mi, tó kàwé dáadáa, tún un sọ, ó sì fi kún un pé ìdí nìyẹn tí obìnrin Íńdíà fi ń pàṣẹ fún ọkọ: òun ló rà á. Mi ò fẹ́ da àríyá rú, mo dákẹ́. Ṣùgbọ́n láti iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mo ti ń gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí, ó sì ti sú mi.

Ohun tí wọ́n ń pè ní dahej lọ́hùn-ún kì í ṣe owó orí tí wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀. Lọ́dọ̀ tiwa, ilé ọkọ ló ń gbé owó orí wá fún ilé ìyàwó, ọ̀pọ̀ ilé ló sì ń dá a padà lójú ẹsẹ̀ báyìí, wọ́n á ní àwọn kò ta ọmọ. Ní ti dahej, òbí ọmọbìnrin ló ń kó wúrà, owó, fíríìjì, ọ̀kadà, mọ́tò, nígbà mìíràn ilẹ̀ pàápàá, fún ọkọ àti òbí ọkọ. Ọmọbìnrin náà á sì tẹ̀lé ẹrù ọ̀hún lọ sílé wọn, á máa gbé lábẹ́ ìyá ọkọ. Ẹni tó bá ra ewúrẹ́ ló ń fà á lọ sílé ara rẹ̀, kì í kó lọ máa gbé ilé ẹni tó tà á fún un. Ta ló wá ra ta níbẹ̀?

Láti 1961 ni òfin Íńdíà ti ka gbígba dahej àti sísan án léèwọ̀. Kò dáwọ́ dúró. Àwọn onímọ̀ ètò ọrọ̀ ajé ní Báńkì Àgbáyé yẹ nǹkan bí 40,000 ìgbéyàwó wò ní ìgbèríko Íńdíà, èyí tí wọ́n ṣe láàárín 1960 sí 2008. Nínú ìdá 95 nínú ọgọ́rùn-ún wọn ni wọ́n ti san dahej. Ilé ọkọ náà máa ń fún ilé ìyàwó lẹ́bùn, àmọ́ ohun tí ilé ìyàwó ń kó kalẹ̀ ju ìlọ́po mẹ́fà rẹ̀ lọ.

Kì í sì í parí lọ́jọ́ ìgbéyàwó. Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn náà, wọ́n á ní kí ìyàwó lọ sọ fún bàbá rẹ̀ pé ọkọ nílò ọ̀kadà, tàbí owó òwò. Bí bàbá kò bá ní, ara ọmọ rẹ̀ ni wọ́n á ti gbà á. Ní 1979, ní Delhi, iná jó ọmọbìnrin kan tó lóyún pa nílé ọkọ rẹ̀. Scooter ni wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ ìyá rẹ̀. Ìyá náà, Satyarani Chadha, bọ́ sí ìgboro pẹ̀lú àwọn ìyá mìíràn tí wọ́n sin ọmọ bẹ́ẹ̀, ó sì lé ní ọgbọ̀n ọdún tó fi ń bá ẹjọ́ ọmọ rẹ̀ kiri kóòtù. Láyé ìgbà yẹn, "sítóòfù ló bú gbàmù" ni ilé ọkọ máa ń wí fún ọlọ́pàá. Igbe àwọn obìnrin wọ̀nyí pọ̀ débi pé ní 1983 wọ́n ṣòfin lórí ìyà tí ọkọ àti ẹbí rẹ̀ ń fi jẹ ìyàwó, ní 1986 wọ́n sì kọ ikú dahej sínú ìwé òfin: bí ìyàwó bá kú ikú tó mú ìfura dání láàárín ọdún méje ìgbéyàwó, tí ẹ̀rí sì wà pé wọ́n ń yọ ọ́ lẹ́nu nítorí dahej kó tó kú, ilé ọkọ ni kóòtù á dì mú. Títí di àìpẹ́ yìí, àkọsílẹ̀ ìjọba wọn ń ka irú ikú bẹ́ẹ̀ ju 6,000 lọ lọ́dún kan. Ó ju mẹ́rìndínlógún lọ lójúmọ́. Ṣé ẹni tó ra ọkọ ni wọ́n ń pa báyìí?

Ẹ má sọ fún mi pé àwọn ará oko tí kò kàwé ni. Ìpínlẹ̀ Kerala wà lára ibi tí wọ́n ti mọ̀wé jù ní Íńdíà. Níbẹ̀, ní 2021, ọmọbìnrin ọdún 24 kan tó ń kọ́ Ayurveda, ìyẹn ìṣègùn ìbílẹ̀ Íńdíà, kú nílé ọkọ rẹ̀, tó jẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba. Bàbá rẹ̀ ti fún wọn ní wúrà tó tó 800 gíráàmù, ilẹ̀ tó ju éékà kan lọ, àti mọ́tò tuntun. Mọ́tò náà kò tẹ́ ọkọ lọ́rùn. Ọdún kejì rẹ̀ ni kóòtù dá ọkọ lẹ́wọ̀n ọdún mẹ́wàá.

Ohun tí mo fojú mi rí ni mo fẹ́ fi kún un. Ọdún méjì ni mo gbé ní Pune, ní ìpínlẹ̀ Maharashtra, nígbà tí mo ń kàwé. Yàrá orí òrùlé ni mo gbà lọ́wọ́ ìdílé kan. Onílé mi, tí gbogbo wa ń pè ní Àǹtí, ṣe dáadáa sí mi, mi ò lè parọ́ mọ́ wọn. Ìyàwó ọmọ wọn ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní iléeṣẹ́ ńlá, owó oṣù rẹ̀ sì ju ti ọkọ rẹ̀ lọ. Síbẹ̀, aago márùn-ún àárọ̀ ló ń jí po ìyẹ̀fun, á yan chapati, á di oúnjẹ ọkọ àti ti bàbá ọkọ sínú abọ́ irin. Àwọn ọkùnrin á jẹ, ìyá ọkọ á jẹ, kó tó kan òun. Wúrà tí bàbá rẹ̀ rà fún un, tí òfin sọ pé tirẹ̀ nìkan ni, inú kọ́bọ́ọ̀dù ìyá ọkọ ló wà; ọwọ́ ìyá ọkọ ni kọ́kọ́rọ́ wà. Mo kọ́kọ́ rò pé ilé yẹn nìkan ni. Nígbà tó yá ni mo rí ìwádìí tí ìjọba ṣe ní 2019: 299 ìṣẹ́jú ni obìnrin tó ń ṣiṣẹ́ ilé fún ẹbí rẹ̀ ń lò nídìí iṣẹ́ náà lójúmọ́, ọkùnrin 97.

Àwọn tó ń jiyàn á dárúkọ Indira Gandhi, wọ́n á dárúkọ àwọn ìyá ọkọ tó ń pàṣẹ nínú eré Zee World. Obìnrin kan jẹ olórí ìjọba, ìyẹn kò gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ ìyá ọkọ ẹnikẹ́ni. Ìyá ọkọ inú eré náà, orí ìyàwó ọmọ rẹ̀ ló ti ń lo agbára. Mo gbà pé àwọn ẹ̀yà Khasi wà ní ìpínlẹ̀ Meghalaya, tí ọkọ ń lọ gbé nílé ìyàwó, tí àbígbẹ̀yìn obìnrin sì ń jogún ilé. Ẹ̀yà kékeré kan nìyẹn nínú orílẹ̀-èdè tó ju bílíọ̀nù kan èèyàn lọ, kì í sì í ṣe dahej ló fún wọn láyè yẹn.

Bí ọmọbìnrin bá jẹ́ ọ̀gá níbẹ̀ ni, kí ló dé tí wọ́n fi ní láti ṣòfin ní 1994 pé dókítà kò gbọdọ̀ wo oyún láti sọ bóyá akọ ni tàbí abo? Nítorí pé wọ́n ń ṣẹ́ oyún abo ni. Nínú ètò ìkànìyàn 2011, lára àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún méje, obìnrin kò tó 920 sí 1,000 ọkùnrin. Òbí tó bá gbọ́ pé obìnrin ni, dahej ló ń rò.

Lálẹ́ ọjọ́ kan, mo bá ìyàwó ilé yẹn fọ abọ́. Mo sọ fún un bí a ṣe ń ṣe ìdána, pé ilé ọkọ ló ń gbé owó wá, pé wọ́n sì ń dá a padà. Ó ní kí n tún un sọ. Mo tún un sọ. Ó wá bi mí pé lẹ́yìn ìgbéyàwó ńkọ́, kí ni wọ́n ń tún béèrè lọ́wọ́ bàbá ọmọ? Mo ní wọn kì í béèrè nǹkan kan. Ó dákẹ́, ó ń fi kànrìnkàn yí abọ́ kan ṣoṣo yẹn ká fún ìgbà pípẹ́. Nígbà tó máa sọ̀rọ̀, ó ní bàbá òun ti ta oko, àbúrò òun obìnrin méjì sì ṣì wà nílé.