Ta ló ní ẹ ò lè wọ igbó ilẹ̀ Faransé láìní mọ́tò?

Bí ẹ bá sọ fún ènìyàn ní Párísì pé ẹ fẹ́ lọ rìn nínú igbó ní ìgbèríko, ohun tí wọ́n á kọ́kọ́ bi yín ni pé, "Ṣé ẹ ní mọ́tò?" Bí ẹ bá ní rárá, ọ̀rọ̀ bùṣe. Wọ́n á ní bọ́ọ̀sì kì í dé ìgbèríko, pé ẹni tí kò bá ní mọ́tò tirẹ̀ kó máa rìn yí ọgbà ìtura àdúgbò rẹ̀ ká. Àwọn ọmọ Faransé gan-an ló ń sọ bẹ́ẹ̀ jù, àwa tá a ti Ìbàdàn àti Kétu wá sì gbà á lẹ́nu wọn láìwádìí. Ọdún mẹ́ta gbáko lèmi náà fi gbà á. Mo ti wá rin igbó Bretagne ní ìwọ̀-oòrùn, mo ti rin ti òkè Vosges ní ìlà-oòrùn àti ti Fontainebleau lẹ́bàá Párísì, láìfọwọ́ kan ọwọ́ ìwakọ̀. Ọdún mẹ́ta tí mo fi jókòó sílé yẹn ń dùn mí títí di òní.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ bi ara wa: ta ló la àwọn ọ̀nà igbó náà? Ní Fontainebleau, ọmọ ogun Napoléon àtijọ́ kan tó ń jẹ́ Claude-François Denecourt ló bẹ̀rẹ̀ sí la ọ̀nà ẹsẹ̀ gba àárín àwọn àpáta, tó ń fi ọ̀dà búlúù sàmì sí igi àti òkúta kí àlejò má bàa ṣìnà. Ọdún 1842 ló la ti àkọ́kọ́. Nígbà tí rélùwéè Párísì dé ìlú náà ní 1849, ńṣe ni èrò ń rọ́ wá. Ẹgbẹ́ Club Vosgien tó ń tọ́jú ọ̀nà igbó lórí àwọn òkè Vosges, ìlú Saverne ni wọ́n ti dá a sílẹ̀ ní 1872, nígbà tí agbègbè náà wà lábẹ́ Jámánì. Karl Benz ò tíì ṣe mọ́tò rẹ̀ nígbà náà. 1886 ló tó gba ìwé àṣẹ lórí rẹ̀. Nígbà tí wọ́n sì kun àmì GR (Grande Randonnée, ọ̀nà ẹsẹ̀ tó jìn) àkọ́kọ́ létí odò Loire, ní 1947, ogun ṣẹ̀ṣẹ̀ kásẹ̀ nílẹ̀ ni. Ẹni mélòó ló ní mọ́tò? Rélùwéè àti ẹsẹ̀ ni àwọn tó la ọ̀nà wọ̀nyí fi dé ibẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ nínú wọn fi gba iwájú ibùdókọ̀ rélùwéè àti àárín abúlé kọjá di òní olónìí. Ibi tí wọ́n ń gbé mọ́tò sí lẹ́bàá igbó, lẹ́yìn-ọ̀-rẹyìn ló dé.

Kí ló wá dé tí wọ́n fi ń ní bọ́ọ̀sì ò sí? Bọ́ọ̀sì wà. Bí wọ́n ṣe ń wá a ni kò tọ́.

Orúkọ ni àkọ́kọ́. Ọkọ̀ tó ń ná abúlé sí abúlé, "car" ni àwọn Faransé ń pè é. "Bus" ni ti inú ìlú. Àwa tá a gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, bí a bá rí "car" lára òpó ibùdókọ̀, ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ló ń wá sí wa lọ́kàn, a ó sì kọjá lọ. Láti oṣù kìíní ọdún 2017, ìjọba àwọn ẹkùn ilẹ̀ ńláńlá (région) ló ń bójú tó àwọn ọkọ̀ yìí, ẹkùn kọ̀ọ̀kan ló sì sọ tirẹ̀ lórúkọ: BreizhGo ni ti Bretagne, liO ni ti Occitanie, ZOU! ni ti Provence, Fluo wà ní ìlà-oòrùn, Mobigo ní Bourgogne, Rémi ní apá àárín lẹ́bàá Loire. Orúkọ wọ̀nyí ni kí ẹ fi wá ọkọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Èkejì, tó jù ú lọ: nítorí ọmọ iléèwé ni ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ìgbèríko ṣe ń rìn. Ẹ lọ dúró níwájú ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ òpó, ẹ má sáré kà á. Lókè ìlà kọ̀ọ̀kan, ẹ ó rí lẹ́tà kéékèèké: L fún ọjọ́ Ajé, M fún Ìṣẹ́gun, Me fún Ọjọ́rú, J fún Ọjọ́bọ̀, V fún ọjọ́ Ẹtì. Ní Ọjọ́rú, àwọn ọmọ iléèwé girama sábà máa ń jáde lọ́sàn-án, nítorí náà ẹ ó bá ọkọ̀ ọ̀sán tí kò sí ní ọjọ́ mìíràn. Ọjọ́ tí mo fẹ́ràn jù láti fi rìn nìyẹn. Ẹ wá wo gbólóhùn wínníwínní tó wà nísàlẹ̀. "Période scolaire" ń sọ pé àfi ìgbà tí iléèwé bá wọlé. "Sauf dimanches et fêtes" ń sọ pé kò sí ọkọ̀ lọ́jọ́ Ìsinmi àti lọ́jọ́ ọdún. "Sur réservation" ń sọ pé ọkọ̀ náà kò ní wá rárá àfi bí ẹ bá pè wọ́n tẹ́lẹ̀, lọ́pọ̀ ìgbà ní ọjọ́ tó ṣáájú. Ẹni tó bá lọ dúró lọ́jọ́ Ìsinmi láìka ìlà yẹn, tó dúró títí tí ilẹ̀ fi ṣú, òun ló ń padà wá sọ fún gbogbo ayé pé bọ́ọ̀sì ò sí.

Ẹ má sì fi wọ́n wé ọkọ̀ Ìwó Road tó ń dúró kó kún. Bí aago bá ti lù, ó ti lọ, bó jẹ́ ẹnì kan ṣoṣo ló wà nínú rẹ̀. Ó sì kù díẹ̀: ẹ gbọ́dọ̀ na ọwọ́. Ní abúlé kan báyìí, mo jókòó jẹ́jẹ́ sórí àga ibùdókọ̀, ọkọ̀ yọ lókèèrè, ó sún mọ́ mi, ó kọjá lọ fìrì. Dẹ́rẹ́bà rò pé mo kàn ń sinmi ni. Wákàtí mẹ́ta ni mo fi dúró de òmíràn, nínú òjò. Láti ọjọ́ náà, bí mo bá ti gbọ́ ìró ẹ́ńjìnnì, mo ti dìde, ọwọ́ mi ti wà lókè.

Ẹ jẹ́ kí n mú yín dé ibì kan. Ẹ wọ ọkọ̀ ojú irin ní Paris-Montparnasse, ẹ sọ̀ ní Morlaix ní Bretagne. Ó tó wákàtí mẹ́ta. Níbẹ̀ ni ẹ ó ti wọ ọkọ̀ tó ń lọ sí Carhaix, tó ń gba Huelgoat kọjá. Ní èdè Breton, "igbó òkè" ni ìtumọ̀ orúkọ ìlú náà. Bí ẹ bá sọ̀, ẹ gba etí adágún omi lọ síbi tí ọlọ àtijọ́ kan wà. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ni. Ibẹ̀ ni òkúta ràbàtà-ràbàtà ti dà lé ara wọn lórí, tí nǹkan tútù bíi òwú aláwọ̀ ewé bò wọ́n mọ́lẹ̀. Odò wà lábẹ́ wọn, wọ́n ń pè é ní odò Fàdákà, ẹ ò ní rí i. Abẹ́ ẹsẹ̀ yín ni ẹ ó ti máa gbọ́ ọ tó ń kùn.

Ẹ rìn síwájú sí i, ẹ ó kan òkúta kan tí wọ́n ń pè ní La Roche Tremblante, òkúta agbọ̀nrìrì. Ìwọ̀n rẹ̀ tó tọ́ọ̀nù 137. Mo ti ọwọ́ sí i, kò mira. Bàbá àgbà kan tó ń kọjá ló fi igun kan hàn mí. Mo yí ẹ̀yìn sí i, mo tẹ orúnkún, mo rọra gbé e sókè díẹ̀díẹ̀ bí ẹni ń gbé àpò gàrí. Ó mì! Mo lérò pé èmi ni mo ń gbọ̀n, àfi ìgbà tí mo rí ihò tó wà lábẹ́ rẹ̀ tó ń ṣí, tó ń pa dé. Bàbá náà rẹ́rìn-ín, ó bá tirẹ̀ lọ. Gbogbo èyí, bọ́ọ̀sì ló gbé mi débẹ̀.

Ohun tó sì jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí ká mi lára nìyí: ní tòótọ́, ẹni tó wọ bọ́ọ̀sì ń rìn ju ẹni tó wa mọ́tò lọ. Ẹni tó gbé mọ́tò síbì kan gbọ́dọ̀ padà síbẹ̀. Bó bá lọ fún wákàtí méjì, á fi méjì padà, tàbí kó máa rìn yípo. Ẹni tó wọ bọ́ọ̀sì kò ní nǹkan tó ń dúró dè é lẹ́yìn. Ní Vosges, ọkọ̀ ojú irin kékeré kan ń ti Colmar lọ dé Metzeral, níbi tí ojú irin parí sí. Ẹ gun òkè láti ibẹ̀ gba inú igbó lọ sórí Hohneck, mítà 1,363, ẹ sùn lórí òkè, ní ọjọ́ kejì ẹ sọ̀ kalẹ̀ sí apá kejì, sí Gérardmer, kí ẹ wọ bọ́ọ̀sì tó ń lọ bá rélùwéè ní Remiremont. Ẹ ti la òkè já. Ẹni tó fi mọ́tò sí Metzeral kò lè ṣe èyí láé, àfi bó bá ní ẹni tí yóò bá a wa mọ́tò yí òkè náà ká.

Mi ò ní pé gbogbo igbó ni bọ́ọ̀sì dé. Àwọn ibìkan wà tó jẹ́ pé láti ọ̀sán Àbámẹ́ta títí di òwúrọ̀ Ajé, kò sí nǹkan tó ń rìn, ẹ má lọ síbẹ̀ ní òpin ọ̀sẹ̀. Bí ọjọ́ Ìsinmi nìkan ni àyè yín, Fontainebleau ni kí ẹ lọ, tàbí àfonífojì Chevreuse: ọkọ̀ ojú irin RER B láti Párísì ń dé Saint-Rémy, Baladobus tó ń káàkiri igbó sì ń ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ Ìsinmi nígbà tí ojú ọjọ́ bá móoru. Láti oṣù kẹsàn-án dé oṣù kejì, àwọn ọdẹ wà nínú igbó, ẹ wọ aṣọ tó mọ́lẹ̀ yòò. Ní Provence, wọ́n máa ń ti igbó pa nígbà ẹ̀ẹ̀rùn nítorí iná. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò kí ẹ tó jáde nílé. Bí ẹ bá sì padà délé, ẹ wá eégbọn lára yín, pàápàá lẹ́yìn orúnkún.

Ọkọ̀ tó máa gbé yín padà ni kí ẹ kọ́kọ́ wá, kí ẹ tó wá èyí tí yóò gbé yín lọ. Láti ibẹ̀ ni kí ẹ ti ka wákàtí padà sẹ́yìn, kí ẹ sì fi ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kún un. Ẹ mú àpò ọ̀rá kan dání fún bàtà tó kún fún ẹrẹ̀, torí ìjókòó tí ẹ máa jókòó sí nírọ̀lẹ́ yẹn, ọmọ iléèwé kan ló máa jókòó síbẹ̀ láàárọ̀ ọ̀la.