Àdálù Tí Kì Í Tán

Ó ti sú mi. Bí mo bá lọ sí òde ìnáwó ní Kàbbà tàbí Mọ́pà, ìgbà tí orin bá wọra gan-an, tí àwọn ìyá wa ti dìde láti jó, ni olórin yóò sún sẹ́yìn, tí onígìtá yóò gbé ọwọ́ kúrò, tí ẹni tó ń lu ìlù òyìnbó yóò sì máa dá a lù fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 15.

N kò kórìíra àdálù, ìyẹn kí onílù kan ṣoṣo máa dá lù. Ìṣẹ́jú 2 àkọ́kọ́ máa ń dùn mọ́ mi, nítorí pé ohun tí gìtá ti ń bò mọ́lẹ̀ yóò wá hàn ketekete. Olóògbé Tony Allen, tó bẹ̀rẹ̀ sí í lu ìlù òyìnbó fún Fela ní 1964, máa ń fún ọwọ́ àti ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní iṣẹ́ tirẹ̀, síbẹ̀ ẹsẹ̀ oníjó kì í ṣì. Ìyáàlù náà máa ń dá sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n oríkì ló ń kì, ẹni tí wọ́n ń kì sì mọ̀ pé òun ni wọ́n ń pè. Ta ni àdálù ìlù òyìnbó yìí ń pè? Ariwo páànù lásán ni!

Ní Sátidé tó kọjá, ìyá àgbà kan ti tú owó sọ́wọ́ láti ná olórin. Ó dúró títí, ẹsẹ̀ ro ó, ó ká owó náà padà sínú ìró, ó sì jókòó. Nígbà tí orin padà dé, kò dìde mọ́.