Kì í ṣe ẹ́ńjìnnì ńlá ló ń mú kí etí koríko gún régé

“Ra 52cc, kí o sì sinmi.” Ẹnikẹ́ni tó bá ti dárúkọ ẹ̀rọ agékoríko olókùn, èyí tí à ń gbé lọ́wọ́, láàárín àwa Yorùbá tó wà ní Àbújá á ti gbọ́ gbólóhùn yìí, ìbáà jẹ́ lẹ́nu ará ṣọ́ọ̀ṣì, lẹ́nu ẹni tó ń tà á, tàbí lórí WhatsApp ẹsitéètì. Ìwọ̀n ẹ́ńjìnnì ẹ̀rọ ni 52cc yẹn, ohun tí wọ́n sì ní lọ́kàn ni pé bí ẹ́ńjìnnì bá ṣe tóbi tó ni yóò ṣe gé koríko mọ́ tó, bẹ́ẹ̀ náà ni yóò ṣe pẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó. Wọ́n á ní irú èyí tí àwọn tó ń gé koríko àárín títì ń lò ni kéèyàn rà, pé ìyẹn ni ojúlówó, ìyókù, eré ọmọdé ni.

Mo mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti wá. Ẹni tó bá gba ọ̀nà pápákọ̀ òfurufú kọjá láàárín oṣù Keje sí oṣù Kẹsàn-án á rí àwọn òṣìṣẹ́ yẹn: bẹ́líìtì lọ́rùn, ọwọ́ ẹ̀rọ tó ya sọ́tùn-ún sósì bíi ti kẹ̀kẹ́, koríko gíga ń wó lulẹ̀ níwájú wọn. Ó wuni í wò. Àmọ́ iṣẹ́ tiwọn yàtọ̀ sí tiwa. Ilẹ̀ gbalasa ni wọ́n ń gé, láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́. Ohun tí èmi àti ẹ̀yin fẹ́ gé ni ibi tí koríko iwájú ilé ti pàdé íńtálọ́ọ̀kì, tí kò fẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, ká sì yí ìdí igi máńgòrò ká, ká fi etí ògiri kún un.

Ẹ jẹ́ ká ti ibi cc yẹn bẹ̀rẹ̀. Àyè inú sílíńdà ni cc ń wọ̀n, ìyẹn ibi tí písítìnnì ti ń lọ tó ń bọ̀. Kò wọn agbára. Kílówáàtì tàbí agbára ẹṣin ni wọ́n fi ń wọn agbára, inú ìwé tó bá ẹ̀rọ wá ló sì máa ń wà, ìwé tí ọ̀pọ̀ ẹni tó ń tà á kò ṣí rí. Ẹ wo méjì lára ẹ̀rọ Stihl, ilé iṣẹ́ Jámánì. FS 38 jẹ́ 27.2cc, agbára rẹ̀ jẹ́ kílówáàtì 0.65. FS 120 jẹ́ 30.8cc, agbára tirẹ̀ jẹ́ kílówáàtì 1.3. Ìkejì kò fi cc mẹ́rin ju àkọ́kọ́ lọ, síbẹ̀ agbára rẹ̀ jẹ́ ìlọ́po méjì. Ilé iṣẹ́ kan náà ló ṣe méjèèjì o. FS 250 tiwọn kò ju 40.2cc lọ, ó ní kílówáàtì 1.6, ọ̀pọ̀ 52cc aláìlórúkọ tó kún ọjà ni kò sì kọjá ibẹ̀, bí a bá tilẹ̀ gba ohun tí wọ́n kọ sára páálí rẹ̀ gbọ́.

Ká wá gbà pé agbára wà nínú 52cc yẹn. Agbára kọ́ ló ń gé etí koríko.

Okùn náílọ́ọ̀nù tó wà lórí ẹ̀rọ yìí kò ní ẹnu bíi ti àdá. Eré ló fi ń gé. Ẹ ṣe ìṣirò rẹ̀ wò: bí òbìrí tí okùn ń yí bá fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 40 láti etí kan dé ìkejì, tí orí ẹ̀rọ sì ń yí nígbà 7,000 ní ìṣẹ́jú kan, ṣóńṣó okùn yẹn ń sáré ju kìlómítà 500 lọ ní wákàtí kan. Ẹ̀rọ kékeré á sáré bẹ́ẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́, bí okùn tí wọ́n fi sí i bá tín-ín-rín tó. Okùn tó nípọn ni afẹ́fẹ́ máa ń fà sẹ́yìn, òun ló sì fi ń béèrè ẹ́ńjìnnì ńlá. Fún koríko iwájú ilé, okùn mílímítà 2 sí 2.4 ti tó. Àwọn tó ra ẹ̀rọ ńlá á lọ ki okùn mílímítà 3 sí i torí pé ẹ̀rọ lè gbé e, lẹ́yìn náà wọ́n á máa béèrè ìdí tí orí koríko fi ya jákujàku, tó sì pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ lọ́jọ́ kejì bí ẹni pé ọyẹ́ ti dé.

Ẹni tó kọ́kọ́ ṣe ẹ̀rọ yìí gan-an kò ronú agbára. George Ballas, ará Houston ní Texas, ló gbé e kalẹ̀ ní ọdún 1971. Ó ń wo búrọ́ọ̀ṣì ńlá tó ń yí níbi tí wọ́n ti ń fọ mọ́tò, ló bá rò ó pé ohun tó rọ̀ tó báyìí tó sì ń yí kíákíá lè gé koríko ìdí igi òun láì bó èèpo igi. Ó mú agolo, ó lu ihò sí i, ó ki okùn ìpẹja sí i, ó sì so ó mọ́ ẹ̀rọ tó ń yí. Okùn ìpẹja lásán! Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, láti orí ìtọ́jú àgbàlá ilé, kì í ṣe láti inú igbó.

Ẹ wá jẹ́ kí n fi ohun tí ojú mi rí hàn yín. Ẹ̀gbọ́n kan ní Lokogoma ra 52cc, èyí tó lọ́wọ́ bíi ti kẹ̀kẹ́. Koríko iwájú ilé wọn kò ju ibi tí mọ́tò méjì lè dúró sí lọ. Mo kí wọn, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o.” Wọ́n ní, “O ṣeun, àbúrò mi. Ṣé o gbọ́ bó ṣe ń ké?” Mo ní mo gbọ́, sà. Ta ni kò ní gbọ́? Gbogbo kúlóòsì ló ń gbọ́.

Iṣẹ́ etí koríko ní àṣírí kan: ẹ gbọ́dọ̀ yí orí ẹ̀rọ padà títí okùn á fi máa yí ní ìdúró, kí ó lè fa ìlà tó gún sí àárín koríko àti íńtálọ́ọ̀kì. Ẹ̀gbọ́n gbìyànjú láti yí i. Apá òsì ọwọ́ kẹ̀kẹ́ yẹn gún wọn nítan. Wọ́n gbé e sókè, bẹ́líìtì fà wọ́n lọ́rùn. Wọ́n tú bẹ́líìtì, ẹ̀rọ tó tó kílò 7 tàbí 8 wá di ti apá nìkan, ọwọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Nígbẹ̀yìn, wọ́n dà á dùbúlẹ̀, wọ́n kàn ń fi í gbá etí koríko lọ. Ó fá koríko dé gbòǹgbò, ilẹ̀ pupa yọ, òkúta wẹ́wẹ́ ń fò lu ilẹ̀kùn mọ́tò. Ìyàwó wọn yọjú láti ẹnu ọ̀nà: “Dádì, ṣé koríko lẹ̀ ń gé ni àbí ẹ̀ ń gbẹ́ kòtò?” Bí ẹni ń fi àáké fárí ni.

Ẹ̀rọ wọn kò bàjẹ́, kò sì sí irọ́ nínú agbára rẹ̀. Wọ́n ṣe ọwọ́ yẹn fún jíjù sọ́tùn-ún sósì nínú koríko gíga, bẹ́líìtì ló yẹ kó gbé e, ara ló yẹ kó máa yí. Èyí tó bá etí koríko mu ni èyí tí ọwọ́ iwájú rẹ̀ ká bí òrùka yí ọ̀pá ká. Irú ọwọ́ yẹn, ẹ lè dì í mú láti òkè, láti ẹ̀gbẹ́, láti ibikíbi, ẹ̀rọ á sì yí padà láì gún yín nítan. FS 38 tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan, ọwọ́ òrùka ni, kò sì wọn tó kílò 5.

Gáàdì náà ńkọ́, ìyẹn ìbòrí tó wà lẹ́bàá ibi tí okùn ti ń yí? Mo ti rí i ju bó ṣe yẹ lọ tí wọ́n ń tú gáàdì dànù ní ọjọ́ tí wọ́n gbé ẹ̀rọ délé, wọ́n ní kò jẹ́ kí àwọn ríran. Abẹ kékeré kan wà lábẹ́ gáàdì yẹn tó ń gé okùn sí ìwọ̀n tí ẹ́ńjìnnì lè yí. Ẹ yọ ọ́, okùn á gùn, eré á dínkù, ẹ́ńjìnnì á máa gbóná, kílọ́ọ̀ṣì tó so ẹ́ńjìnnì mọ́ ohun tó ń yí nínú ọ̀pá á jó. Ẹ ó wá ní ẹ̀rọ náà kò lágbára. Ilẹ̀ Àbújá tó kún fún òkúta wẹ́wẹ́ yìí, ẹni tó bá yọ gáàdì tí kò sì wọ awò ojú, ojú rẹ̀ ló fi ń ta tẹ́tẹ́.

Ṣé mò ń sọ pé kéèyàn má ra ojúlówó tí àwọn tó ń fi í jẹun ń rà? Rárá o. Ẹ rà á bí owó bá wà, ṣùgbọ́n ẹ mọ ohun tí ẹ ń sanwó fún. Ẹ̀rọ tí wọ́n ṣe fún iṣẹ́ ojoojúmọ́ máa ń ní bérìn tó di igi ìyípo inú ẹ́ńjìnnì mú lọ́tùn-ún àti lósì, nígbà tí ọ̀pọ̀ èyí tó pọ́ọ́kú kì í ní in ju ẹ̀gbẹ́ kan lọ. Irin gbọọrọ tó le ló ń yí nínú ọ̀pá rẹ̀ tó gún. Rọ́bà á wà láàárín ẹ́ńjìnnì àti ọ̀pá kí ọwọ́ má bàa kú. Fítà rẹ̀ á ṣeé tú, á ṣeé fọ̀ tàbí pààrọ̀, èyí sì ṣe pàtàkì fún àwa tí eruku ọyẹ́ ń bá fínra. Kò sí ọ̀kan nínú gbogbo èyí tí cc ń sọ fún yín. Ojúlówó 25cc wà, ayédèrú 52cc sì kún ọjà.

Ọ̀pá tó tẹ̀ ní ìsàlẹ̀ ńkọ́? Wáyà tó ń rọ̀ ló ń yí nínú rẹ̀, kì í pẹ́ tó irin gbọọrọ, ó sì ń fẹ́ gíríìsì. Ṣùgbọ́n ó kúrú, ó fúyẹ́, ó sì rọrùn lẹ́bàá íńtálọ́ọ̀kì. Ẹni tí koríko rẹ̀ kò ju ti ẹ̀gbọ́n mi yẹn lọ kò ní kábàámọ̀ rẹ̀.

Ohun tó ń fún ìgbàgbọ́ 52cc yìí lókun jù lọ ni pé ẹ̀rọ kékeré ti kú mọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́wọ́ rí. Wọ́n gbé e lọ bá mẹkáníìkì, mẹkáníìkì ní, “Ó kéré jù, ọ̀gá, ẹ ra ńlá.” Kékeré kọ́ ló pa á. Bẹntiróòlù ni. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ yìí, ọ́ìlì ni wọ́n ń pò mọ́ bẹntiróòlù fún, ẹni tó bá ti lo jẹnẹrétọ̀ “I pass my neighbour” rí mọ̀ ọ́n. Ti Stihl jẹ́ 50 sí 1: mílílítà 20 fún lítà kan, 100 fún lítà 5. Àwọn ẹ̀rọ mìíràn ń béèrè 25 sí 1, ìyẹn mílílítà 40 fún lítà kan. Ìwé tirẹ̀ ni kí ẹ tẹ̀lé. Ẹ ra sírínjì ní kẹ́míìsì, kí ẹ fi í wọ̀n ọ́n, ẹ má fi ọmọrí ìgò ṣe é. Ọ́ìlì tó dínkù á ha písítìnnì, èyí tó pọ̀ jù á máa rú èéfín, á sì ba púlọ́ọ̀gì jẹ́. Kì í ṣe ọ́ìlì inú mọ́tò lẹ ó dà sí i o, èyí tí wọ́n ṣe fún irú ẹ́ńjìnnì bẹ́ẹ̀ ni. Àwọn kan wà tí wọn kì í po ọ́ìlì mọ́ epo wọn rárá, bíi èyí tó ń lo ẹ́ńjìnnì Honda GX35. Ọ́ìlì tiwọn lọ́tọ̀, epo lọ́tọ̀.

Òjò á wá dáwọ́ dúró ní oṣù Kẹwàá, ẹ̀rọ á wà ní ibi ìkẹ́rùsí títí di oṣù Kẹrin, tòun ti epo nínú. Epo yẹn á gbẹ mọ́ inú kabúrétọ̀, á lẹ̀ bí gọ́ọ̀mù. 52cc náà á kú bẹ́ẹ̀. Ẹ da epo inú táńkì nù, kí ẹ ṣíná rẹ̀, kí ó jó èyí tó kù títí yóò fi kú fúnra rẹ̀.

Ti bátìrì ńkọ́? Fún ilé kékeré, ó ti tó, kò sì ní bá àwọn ará ilé kejì jà. Ẹ má kàn jẹ́ kí wọ́n fi fóltì tàn yín: bátìrì tí wọ́n kọ 20 sí àti èyí tí wọ́n kọ 18 sí, ọ̀kan náà ni wọ́n sábà máa ń jẹ́; ìwọ̀n ìgbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kún ni wọ́n kọ sí ọ̀kan.

52cc ní ibi tirẹ̀. Ẹni tó ra ilẹ̀ sí Kuje tàbí ẹ̀yìn Lugbe, tí eèsún àti èkan ti gbà á, ọwọ́ kẹ̀kẹ́, bẹ́líìtì àti abẹ irin ló yẹ ẹ́, okùn kò ní rí ibẹ̀ gbé ṣe. Ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún ni irú iṣẹ́ yẹn. Ẹ pe àwọn tó ń fi í ṣiṣẹ́, kí ẹ sanwó fún wọn, kí ẹ má torí rẹ̀ gbé ẹrù wúwo délé.

Bí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń tà á, ẹ má ní kó kọ́kọ́ tan án. Ariwo ló fẹ́ fi tà á fún yín. Ẹ gbé e ní pípa, kí ẹ yí orí rẹ̀ títí gáàdì yóò fi dúró, kí ẹ sì rìn lẹ́bàá etí pèpéle ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lọ, kí ẹ rìn padà. Ẹ béèrè okùn, orí àti kabúrétọ̀ rẹ̀ bóyá ó wà nílẹ̀. Bí ó bá ní ẹ ti ń da òun láàmú jù, ṣọ́ọ̀bù mìíràn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.